Níbo Ló Ti Ń Jẹun? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Òṣíbàtà, Ojúoró Àti Àwọn Ewéko Inú Adágún Ọgbà

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o, ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń gbin ewéko sínú adágún omi inú ọgbà, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Inú mi dùn pé èmi ni wọ́n pè, torí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́.

Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí nínú wa pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò? Bí wọ́n bá ti wí bẹ́ẹ̀, àmín la máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ẹ ti fi ọwọ́ fa ojúoró sókè rí? Ẹ ti fa òṣíbàtà wò? Ojúoró á tẹ̀lé ọwọ́ yín wọ́ọ́rọ́wọ́, tòun ti gbòǹgbò rẹ̀ tó ń rọ̀ dirodiro bí irùngbọ̀n. Òṣíbàtà kò ní tẹ̀lé yín. Ewé á já, igi tó gbé ewé dúró á já, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì wà nínú ẹrẹ̀ níbi tó wà. Àwọn méjèèjì ló lékè omi lóòótọ́, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń jẹun yàtọ̀. Ojúoró ń jẹ ohun tó yòrò sínú omi. Òṣíbàtà ń jẹ ohun tó wà nínú ẹrẹ̀.

Orí ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé. Kí ẹ tó gbé ewéko kankan sínú adágún yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: níbo lo ti ń jẹun? Bí ẹ bá ti mọ èsì rẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó gbé e sí, ẹ ti mọ̀ bóyá ó fẹ́ ajílẹ̀ tàbí kò fẹ́, ẹ sì ti mọ iṣẹ́ tí yóò bá yín ṣe lára omi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látibi tó ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn jù. Ẹnì kan gbẹ́ adágún tuntun, ó tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn sí i, ó pọn omi kún un. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, omi náà mọ́ gaara, èèyàn ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, kó sì tó pẹ́, ó ti di omi ewé tí wọ́n gún. Ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ewéko tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní algae. Ìmọ́lẹ̀ àti oúnjẹ ni algae ń wá. Oúnjẹ rẹ̀ ni náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó wà nínú omi. Omi ẹ̀rọ lè gbé e wá, ìgbẹ́ ẹja ń mú un wá, ewé igi tó já bọ́ tó sì jẹrà ń mú un wá, òjò sì lè wọ́ ajílẹ̀ orí koríko wọnú adágún bí etí adágún náà kò bá ga ju ilẹ̀ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ bá ti wà nílẹ̀ tí kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹ ẹ́, algae á jẹ ẹ́.

Kí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe? Wọ́n á da omi náà nù, wọ́n á pọn òmíràn. Omi tuntun á gbé oúnjẹ tuntun dé, algae á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn á lọ ra oògùn tó ń pa algae. Oògùn náà á pa á, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n òkú rẹ̀ kò lọ síbì kankan, inú omi yẹn náà ni yóò ti jẹrà, ohun tó bá sì ń jẹrà nínú omi, ọ́síjìn inú omi ló ń lò. Ẹja lè kú lóru ọjọ́ náà. Èyí tí wọ́n fi kọ́pà ṣe nínú àwọn oògùn yìí tún ń pa ìṣáwùrú, bẹ́ẹ̀ ìṣáwùrú wà lára àwọn tó ń bá wa ha algae kúrò lára òkúta láìgba kọ́bọ̀. Tèmi ni pé kí ẹ fi oògùn yẹn sílẹ̀. Ẹ wá ẹni tí yóò bá algae du oúnjẹ.

Àwọn tó lè bá a du ú ni àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun láti inú omi. Ojúoró jẹ́ ọ̀kan. Àwọn ewéko tó ń gbé abẹ́ omi pátápátá náà ń bẹ níbẹ̀, bí hornwort, tí ewé rẹ̀ rí bí ìrù ọ̀kẹ́rẹ́. Hornwort kò tilẹ̀ ní gbòǹgbò gidi. Ẹ kàn ju ìdì rẹ̀ sínú omi ni, gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń jẹun. Iṣẹ́ ti òṣíbàtà yàtọ̀. Òun kò bá algae du oúnjẹ inú omi bí irú àwọn wọ̀nyí, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, torí ewé rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ń ṣíji bo omi. Adágún tó bá ní irú méjèèjì, omi rẹ̀ sábà máa ń mọ́ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Sùúrù ni ẹ ó fi wò ó. Bí omi bá ní àwọ̀ ewé ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, ẹ fi í sílẹ̀ kí àwọn ewéko yín ráyè dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ojúoró, torí púpọ̀ ló wà lára rẹ̀. Kò fẹ́ ilẹ̀, kò fẹ́ ajílẹ̀, ẹ kò sì ní gbìn ín. Ẹ ṣáà gbé e lé orí omi. Bí oòrùn bá wà tí omi kò sì tutù jù, ìyá kan á na ọwọ́ jáde lábẹ́ omi, ní ìparí ọwọ́ yẹn ni ọmọ á ti yọ, ọmọ náà á tún na ọwọ́ tirẹ̀. Ẹ gbé mẹ́ta sí i, láìpẹ́ ẹ kò ní lè kà á mọ́. Ìyára yìí ni ìwúlò rẹ̀. Gbogbo ewé tó fi ń pọ̀ sí i, inú omi ló ti rí ohun tó fi kọ́ ọ, nítorí náà nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ kó ìdajì rẹ̀ kúrò lójú omi, oúnjẹ algae lẹ kó jáde yẹn. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ títí tó fi gbó, tó jẹrà, tó sì rì, ó ti dá oúnjẹ náà padà sínú omi. Ẹ kó o lọ sí ìdí igi tàbí sórí ààtàn tí ẹ fi ń ṣe ajílẹ̀. Ẹ máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí ó bá ń yára pọ̀. Kí gbogbo ewé tó wà lójú omi, ti ojúoró àti ti òṣíbàtà lápapọ̀, má bo ju ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi tẹnu mọ́ ọn pé kó má bo omi tán. Tanwíjí ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn máa ń gòkè wá sí ojú omi láti mí, ibẹ̀ sì ni ẹja ti ń gbé wọn mì. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀fọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Mansonia. Tanwíjí tirẹ̀ kì í gòkè. Ó ní ohun kan tó mú ṣóńṣó ní ìdí, òun ló fi ń gún gbòǹgbò ojúoró, tó sì ń mí afẹ́fẹ́ tó wà nínú gbòǹgbò náà. Abẹ́ ewé ló ń gbé títí yóò fi tó àkókò láti fò. Ẹni tó bá fi ojúoró bo omi rẹ̀ pátápátá, ilé ló kọ́ fún ẹ̀fọn yìí, ó sì ti dínà mọ́ ẹja tó lè jẹ ẹ́. Ẹ mú ojúoró kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọn gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa nínú bokíìtì funfun tí omi wà, kí ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó ń rìn nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ lọ bá ẹni tó ń jẹun nínú ẹrẹ̀.

Adágún àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, inú ilẹ̀dú tó kún fún ìgbẹ́ ẹran àti ewé jíjẹrà ni mo gbin òṣíbàtà sí. Ohun tó ń mú igi orí ilẹ̀ sanra ni mo mọ̀, mo sì rò pé yóò rí bẹ́ẹ̀ nínú omi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, omi náà ti dúdú. Bí mo bá fi igi kan ìsàlẹ̀, òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́ á jáde. Ní ìdájí ọjọ́ kan mo jáde síta, mo bá gbogbo ẹja lójú omi, wọ́n la ẹnu, wọ́n ń wá afẹ́fẹ́. Méjì ti yí ikùn sókè. Ó dùn mí wọra, títí dòní mo ṣì ń rántí bí ó ṣe rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lójú ọ̀sán, ewéko tó wà lábẹ́ omi ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, ó sì ń tú ọ́síjìn sínú omi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iṣẹ́ yẹn dúró. Ewéko náà á wá máa lo ọ́síjìn bíi ti ẹja, kòkòrò tó ń jẹ ohun jíjẹrà ní ìsàlẹ̀ náà ń lò ó, gbogbo wọn jọ ń fa á títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nítorí náà ìdájí ni ọ́síjìn máa ń kéré jù nínú adágún. Ohun tó ń jẹrà nínú ilẹ̀dú tí mo kó sínú omi ló ń lo ọ́síjìn tó yẹ kó ṣẹ́ kù fún ẹja di òwúrọ̀. Bí ẹ bá rí ẹja yín tí wọ́n ń la ẹnu lójú omi ní ìdájí, ẹ má kó ewéko kún un ní àsìkò yẹn. Ẹ máa bu omi adágún náà sókè, kí ẹ máa dà á padà láti ibi gíga, tàbí kí ẹ tan ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá ohun tó ń jẹrà, kí ẹ kó o jáde.

Ilẹ̀ tí òṣíbàtà fẹ́ ni ilẹ̀ tó wúwo, tí amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀ lásán tí wọn kò da ohunkóhun mọ́. Ẹ ṣa ewé, igi wẹ́wẹ́ àti gbòǹgbò kúrò nínú rẹ̀. Ẹ wá agbọ̀n tàbí ọpọ́n tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40. Fífẹ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì ju jíjìn rẹ̀ lọ, torí ẹsẹ̀ òṣíbàtà tó ń fara da òtútù máa ń sùn gbalaja bí atalẹ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ ló ń rìn sí. Ẹ fi ilẹ̀ sí i, ẹ fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́ kó le. Ajílẹ̀ tó dà bí hóró oògùn wà tí wọ́n ṣe fún ewéko inú omi. Ẹ ti ọ̀kan tàbí méjì wọ inú ilẹ̀ náà, kó jìn, kó má baà yòrò sójú omi. Ẹ rántí ìbéèrè wa: inú ẹrẹ̀ ló ti ń jẹun, inú ẹrẹ̀ ni ẹ ó ti fún un. Ajílẹ̀ tó bá dé inú omi, algae lẹ fún.

Ẹ wá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n, kí orí tó fẹ́ hù kọjú sí àárín kó sì dagun sókè díẹ̀. Ẹ fi ilẹ̀ bo ìyókù, ṣùgbọ́n kí orí yẹn yọ síta. Tí ẹ bá bò ó, ó lè jẹrà kó tó yọ ewé. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ti fọ̀ lé orí ilẹ̀, kí ẹja má baà hú u. Ẹ rin ín pẹ̀lú omi títí tí kò ní gba omi mọ́. Kí ẹ wá kúnlẹ̀ létí adágún, kí ẹ di agbọ̀n náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ bọ omi. Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù láàárín òkúta á máa hó jáde kutukutu. Ẹ dúró kó hó tán kí ẹ tó jẹ́ kó lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá kánjú jù ú sínú omi, ìdajì ilẹ̀ rẹ̀ ni yóò rí tó ń léfòó.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí omi tó wà lórí rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ẹ lè fi bíríkì gbé e sókè. Bí ewé rẹ̀ bá ti dé ojú omi tí ó sì tẹ́, ẹ yọ bíríkì kan, lẹ́yìn náà ẹ yọ ìkejì. Àwọn tí ara wọn tóbi á lè gbé inú omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí 60, àwọn kékeré kò fẹ́ ju 15 sí 30 lọ. Oòrùn wákàtí 6 lójúmọ́ ló dára fún un. Lábẹ́ ibòji igi, ewé nìkan ni ẹ ó máa rí. Igi tó ṣíji bo adágún tún ń da ewé sínú rẹ̀, ìyẹn sì ni oúnjẹ algae tí mo ti sọ.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe ohun kan nígbà tí ẹ bá délé. Ẹ gé igi ewé òṣíbàtà kan, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án, kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ ti gé e. Ihò ni ẹ ó rí, àwọn ńlá ní àárín, àwọn wẹ́wẹ́ yí wọn ká. Ẹ tẹ ìdí kan bọ omi, ẹ fi ẹnu fẹ́ ìdí kejì. Omi á hó. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ òṣíbàtà wà nínú rẹ̀ kò ní ọ́síjìn, nítorí náà láti òkè ni afẹ́fẹ́ ti gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Ní ọdún 1980, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Dacey gbé ìwádìí jáde lórí ìbátan òṣíbàtà tí wọ́n ń pè ní Nuphar. Ó fi hàn pé afẹ́fẹ́ ń gba ara àwọn ewé ọ̀dọ́ wọlé, á sọ̀kalẹ̀ lọ dé ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, á sì gba ara àwọn ewé àgbà jáde. Atẹ́gùn ń fẹ́ nínú rẹ̀, láti ọ̀sán dé ọ̀sán, a kò sì mọ̀.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ó ń sọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá gé gbogbo ewé òṣíbàtà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti dí i ní imú. Ihò ìmí ewé rẹ̀ sì wà lókè, lójú tó kọ sí òfuurufú, kì í ṣe lábẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀ igi orí ilẹ̀. Nítorí náà kò fẹ́ kí omi máa rọ̀ lé ewé rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń tú omi sókè, ẹ gbé e jìnnà sí òṣíbàtà. Omi tó dákẹ́ ló fẹ́. Ewé kọ̀ọ̀kan kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kó tó pọ́n, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Èyí tó bá ti pọ́n, ẹ tọ ọwọ́ lọ sí ìdí igi rẹ̀, kí ẹ gé e níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ewé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn sókè kúrò lójú omi, òdòdó á sì dín kù. Àyè ti há mọ́ ọn nìyẹn. Ẹ gbé agbọ̀n jáde, ẹ tú u, ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí orí tó fẹ́ hù wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá rọ̀ tó sì ń rùn, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ gbin ìyókù bí ẹ ṣe gbin ti àkọ́kọ́.

Lotus jẹ́ ẹlòmíràn tó ń jẹun nínú ẹrẹ̀, àwọn kan sì máa ń pe òun àti òṣíbàtà ní ohun kan náà. Wọn kì í ṣe ìbátan tó sún mọ́ra. Ewé òṣíbàtà tẹ́ sójú omi, ti lotus ń dìde dúró, bí omi bá sì kán sí i, á yí bìrìbìrì dà nù láìrin ín. Orí tí lotus fi ń rìn lábẹ́ ẹrẹ̀ máa ń tètè ṣẹ́, tó bá sì ṣẹ́, gbogbo ibi tó kù lè jẹrà. Ẹ fi ìka wá a jẹ́jẹ́. Ẹ gbìn ín sínú ohun roboto tí kò ní igun, torí bí orí yẹn bá kó sí igun, á há síbẹ̀. Ẹ má gé igi rẹ̀ sábẹ́ omi láé, omi á gba ọ̀nà afẹ́fẹ́ wọlé lọ bá ẹsẹ̀ rẹ̀. Èso rẹ̀ le bí òkúta. Wọ́n ti gbin èyí tí wọ́n hú nínú ẹrẹ̀ adágún gbígbẹ kan ní Ṣáínà, tó ti tó nǹkan bí 1,300 ọdún, ó sì hù. Bí ẹ bá fẹ́ gbin tiyín, ẹ fi ohun tó le tó sì ń ha ọwọ́ ha èèpo rẹ̀ títí ẹ ó fi rí inú tó funfun, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́.

Àwọn tó ń gbé etí omi, bí èèsú àti òrépèté, kò ṣòro. Ẹ fi wọ́n síbi tí omi kò ti ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lọ. Kí èèsú ṣáà wà nínú ìkòkò, torí orí tó fi ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ mú, ó lè lu ọ̀rá adágún. Níbi tí omi ti ń dì nígbà òtútù, àwọn òṣíbàtà tó ń fara da òtútù á sùn ní ìsàlẹ̀, àwọn ti ilẹ̀ olóoru ni ẹ ó gbé wọlé. Omi ẹ̀rọ tó ní chlorine, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àìsàn inú omi, ẹ jẹ́ kó dúró fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó kó ẹja sí i. Chloramine, irú oògùn bẹ́ẹ̀ mìíràn, kì í fò lọ bẹ́ẹ̀, oògùn tó ń sọ ọ́ di aláìlágbára ni wọ́n ń fi sí i. Ilé tí ọmọdé bá sì wà, ẹ sọgbà yí adágún ká kí ẹ tó ronú kan òdòdó rárá. Omi tí kò jìn dé orúnkún lè gba ẹ̀mí ọmọ.

Nípa kòkòrò, dúdú wẹ́wẹ́ kan máa ń bo ewé òṣíbàtà, wọ́n ń fa omi ara rẹ̀ mu. Ẹ fi róòbà omi fọ́n wọn dànù sínú adágún, ẹja á jẹ wọ́n. Kòkòrò kan tún wà tó ń gé ewé ní róbótó láti fi ṣe àpò ara rẹ̀, ọwọ́ ni ẹ ó fi ṣa ìyẹn. Ẹ má fọ́n oògùn kòkòrò sójú omi tí ẹja, àkèré àti lámilámi wà.

Ẹ ó ti rí òṣíbàtà pupa, òṣíbàtà aláwọ̀ òfeefèé tó ń fara da òtútù, ẹ sì lè rò pé bẹ́ẹ̀ ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ọwọ́ ará Faransé kan, Latour-Marliac, tó dá oko ewéko omi sílẹ̀ ní Temple-sur-Lot ní 1875. Ó ń mú lẹ́búlẹ́bú òdòdó irú kan sí òdòdó irú mìíràn títí àwọn àwọ̀ yìí fi yọ. Ó kó wọn lọ síbi ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Paris ní 1889. Claude Monet, ayàwòrán, ra ewéko lọ́wọ́ rẹ̀ fún adágún tó ṣe ní abúlé Giverny ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí Monet fẹ́ gba àṣẹ láti ya omi odò wọ adágún náà ní 1893, àwọn ará àdúgbò rẹ̀ kọ̀, wọ́n ní ewéko àjèjì rẹ̀ yóò ba omi àwọn jẹ́.

Ìbẹ̀rù wọn kò ṣẹ ní Giverny. Ṣùgbọ́n mi ò bá wọn wí, torí ó ti ṣẹ níbòmíràn. Ewéko orí omi tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ ló wu èèyàn tí wọ́n fi gbé e káàkiri ayé. Ní àwọn ọdún 1990, ó bo àwọn etí adágún Victoria ní ìlà oòrùn Áfíríkà débi pé ọkọ̀ apẹja kò lè jáde. Kòkòrò Neochetina, tó ń jẹ ẹ́ ní ilé rẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n kó dé láti fi dín in kù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de títa ewéko omi márùn-ún nítorí irú wàhálà yìí, European Union, àjọ ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, sì fi water hyacinth sínú àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ ní 2016. Ojúoró tí mo yìn níṣàájú ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà ní ọ̀pọ̀ ibi. Mo bẹ̀ yín pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì: ẹ má da ewéko adágún yín sínú odò, ẹ má dà á sínú gọ́tà tó ń ṣàn lọ sódò, ì báà ṣe ewé kan péré. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kó kú sí. Èyí tí ẹ bá rà wálé, ẹ fọ̀ ọ́ nínú bokíìtì kí ẹ tó gbé e wọ adágún, torí ewé wẹ́wẹ́ míì lè fara pamọ́ sí i lára.

Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi kí n tó gun orí pèpéle pé òdòdó òṣíbàtà òun ń pòórá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ta ló ń já a? Kò sẹ́ni tó ń já a. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni òdòdó kan ń lò. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo àárín rẹ̀, ẹ ó rí omi tó dùn díẹ̀ níbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n rọ ọ́ sínú ife. Oyin tó bá ti ibi òdòdó mìíràn bọ̀ á yọ̀ sínú rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú tó gbé wá á ṣàn kúrò lára rẹ̀, òdòdó á sì ti gba ohun tó fẹ́. Oyin mìíràn kì í jáde mọ́. Ní ọjọ́ kejì, omi náà ti gbẹ, òdòdó fúnra rẹ̀ ló wá ń pín lẹ́búlẹ́bú. Tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, á pa ojú dé, igi rẹ̀ á sì fà á wọ abẹ́ omi lọ, torí ibẹ̀ ni èso rẹ̀ ti ń gbó. Ọ̀pọ̀ nínú òṣíbàtà tí èèyàn fi oríṣi méjì dà pọ̀ ṣe kì í so, ẹ kàn gé tiwọn kúrò kó tó jẹrà. Bí tiyín bá jẹ́ èyí tó ń so, tí ẹ sì fẹ́ gbin hóró rẹ̀, ẹ so àpò alásẹ́ kékeré mọ́ èso náà lábẹ́ omi. Bí ó bá bẹ́, àwọn hóró náà á léfòó fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó rì lọ sínú ẹrẹ̀.